Àwọn ọmọ tó fi ẹ̀rọ wá ilé arọ́ àwọn bàbá wa ní ọ̀nà Ìdànrè

Ìdàrọ́ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nítòsí ilé arọ́ mọ̀ ọ́n: ó dúdú, ó ní ihò wẹ́wẹ́ lára bí àkàrà tó wú, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Òun ni ìdọ̀tí tó ń ṣàn jáde nínú ìléru nígbà tí àwọn àgbà bá ń yọ́ òkúta kí irin lè jáde. Irin ni mo ń tà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1994, ọ̀pá ìkọ́lé láti mílímítà 8 títí dé 25, ìdílé alágbẹ̀dẹ sì ni wọ́n bí mi sí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìdàrọ́ lé mi lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, màá mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ ẹbí wa kan wà ní ọ̀nà Ìdànrè, púlọ́ọ̀tì mẹ́rin tó so pọ̀. Ẹbí pinnu láti kọ́ gbọ̀ngàn síbẹ̀, kí a lè yé háyà gbọ̀ngàn olówó gọbọi nígbà ìnáwó. A ti ra yanrìn, bíríkìlà ti wá wọn ilẹ̀, kí Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá mi tó kéré jù, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ní kí a dúró. Wọ́n ní, “Ilé arọ́ àwọn bàbá yín wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ìléru wọn wà níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ da kọnkéré lé e lórí.” A bi wọ́n pé ibo gan-an ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn igi ìrókò ni, kí ènìyàn tó dé etí odò kékeré. Igi ìrókò náà ti kúrò ńlẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, odò kékeré náà kì í sì í ní omi mọ́ àfi nígbà òjò. Ìpàdé ẹbí mẹ́ta la ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a máa kọ́lé lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ̀ jálẹ̀, nítorí a kò fẹ́ fi ọwọ́ ara wa bo orísun wa mọ́lẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó kàwé ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, ló sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan wà tó lè wo abẹ́ ilẹ̀ láì gbẹ́ ẹ. Mo rò pé àwọn tó ń wo omi ló ń wí. Ta ló gbẹ́ bohóòlù ní Àkúrẹ́ tí kò mọ̀ wọ́n? Wọ́n á na wáyà gbọọrọ, wọ́n á gbá irin mọ́lẹ̀, wọ́n á sì rán iná bátìrì sínú ilẹ̀. Ó ní rárá, mọ́mì, èyí kì í rán nǹkan kan sínú ilẹ̀. Òòfà tó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Ó fi nọ́ńbà àwọn tó ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹjọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ, ọmọ ọlọ́mọ sì ni wọ́n. Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè mọ ohun tí yóò béèrè.

₦600,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. A ná an títí ó fi di ₦480,000, mo san ₦300,000 sílẹ̀. Nínú Oṣù Kejì ni wọ́n wá, nígbà tí koríko ti gbẹ. Ìgbà yẹn ló dára jù, nítorí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, ẹni tó gbé e sì gbọ́dọ̀ lè rìn tààrà láì kọsẹ̀. A san owó fún àwọn tó fi àdá ṣán gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi rí bí pápá ìṣeré. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ibi tí kùkùté kò ti jẹ́ kí wọ́n rìn, òfìfo ló wà nínú àwòrán títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀gá wọn ṣe là á yé mi, lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Ní agbègbè Àkúrẹ́, agbára òòfà náà tó nǹkan bí 33,000 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní nanotesla. Amọ̀ wa ní irin kíńkínní nínú, ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ló kọjú síbi tó wù ú, nítorí náà agbára wọn kì í pọ̀. Bí iná bá wá jó amọ̀ náà kọjá nǹkan bí 580 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbogbo wọn á gbàgbé ibi tí wọ́n kọjú sí. Bó bá ń tutù, wọ́n á jọ kọjú síbi tí òòfà ayé kọjú sí lọ́jọ́ náà, wọn ò sì ní yí padà mọ́ àfi bí iná mìíràn tó gbóná bẹ́ẹ̀ bá tún jó wọn. Iná ìléru ìyọ́rin sì máa ń kọjá 1,100. Ó ní, “Mọ́mì, ìléru tó ti kú láti ayébáyé ṣì ń rántí iná tí wọ́n dá kẹ́yìn nínú rẹ̀.” Mo ní kó tún un sọ kí Bàbá Àgbà lè gbọ́. Ó tún un sọ. Bàbá Àgbà mi orí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí ìléru, ààrò àti ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò fi máa ń hàn ju ohun gbogbo lọ. Ààtàn àtijọ́ àti kòtò tí erùpẹ̀ dúdú ti kún náà máa ń hàn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, bíi nanotesla kan sí mẹ́wàá. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 33,000 kí ẹ rí bó ti kéré tó. Òòfà ayé fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan látàárọ̀ dalẹ́, nítorí ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá, ìyípadà yẹn nìkan sì lè bo ààtàn mọ́lẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá, tí wọ́n ń pè ní fluxgate gradiometer, fi ní ojú méjì lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mítà kan láàárín wọn. Ohun tó ti òkè ọ̀run wá kan ojú méjèèjì bákan náà. Ohun tó ti inú ilẹ̀ wá kan ti ìsàlẹ̀ ju ti òkè lọ. Ẹ̀rọ á yọ ọ̀kan nínú èkejì, èyí tó kù ni ti ilẹ̀. Ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọn ọjà nínú àpò: a ó wọn àpò òfìfo, a ó yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀gá wọn ní kì í ṣe iṣẹ́ tuntun. Ní ọdún 1958, Martin Aitken, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti Oxford, gbé ẹ̀rọ kan tó ń wọn òòfà lọ sí Water Newton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n fẹ́ la títì gbà, ó sì rí ilé ìsunkòkò àwọn ará Róòmù lábẹ́ oko. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ó dùn mí pé ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti wú egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, nígbà tí Thurstan Shaw, onímọ̀ nípa ìwalẹ̀, gbẹ́ ibẹ̀ ní 1965, ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ni Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ìwalẹ̀ bíi tirẹ̀, ti rí àwọn ère amọ̀ Ọ̀wọ̀, síbẹ̀ katakata ni a fi ń ro ilẹ̀ wa lójoojúmọ́ láì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n dé. Ọ̀gá wọn wọ ṣòkòtò onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní bẹ́líìtì, kò ní sípù, bàtà rẹ̀ jẹ́ rọ́bà lásán tí kò ní ihò okùn onírin. Ó fi fóònù àti aago rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wá ibì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dákẹ́, ó dojú kọ àríwá, ó dojú kọ ìlà oòrùn, ó dojú kọ gúúsù, ó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn, ó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe títí ó fi ń sọ nǹkan kan náà níbi gbogbo tó bá kọjú sí. Ìyẹn nìkan gbà á tó ìdajì wákàtí. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. Ó wà lórí 1. Bí mo ṣe ku ìgbésẹ̀ kan sí i, ó fò lọ sí 26. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lára yín?” Kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi ni, mo so wọ́n mọ́ ìdí ìró. Mo sún sẹ́yìn, ó padà sí 1. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta irin, mi ò mọ̀ pé irin tó wà lára mi ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Wọ́n fi èèkàn onígi pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́fà, mítà 20 sí mítà 20. Wọ́n na okùn tí wọ́n ti sàmì sí ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ẹ̀rọ jẹ́ méjì, mítà kan láàárín wọn, nítorí náà ìrìn kan á mú ìlà méjì. Ẹ̀rọ ń dún pí, pí, pí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan àmì mítà bó bá ṣe ń dún, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Bí oníjó tó mọ ìlù ló ń rìn. Ó lọ sí àríwá, ó yípo, ó bọ̀ wá sí gúúsù. Ìgbà mẹ́jọ ni ẹ̀rọ ń ka ilẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3,200 nínú onígun mẹ́rin kan, 19,200 nínú gbogbo rẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti parí. Òógùn ti bo ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀. Mo fún wọn ní mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, wọ́n jẹun lábẹ́ igi máńgòrò.

Ibẹ̀ náà ni ó ti ṣí kọ̀ǹpútà, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ló mú kí n kọ ìwé yìí. Nínú àwòrán náà, dúdú ni ibi tí òòfà ti pọ̀, funfun ni ibi tó ti kéré. Àwòrán àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan nínú. Gbogbo rẹ̀ rí eérú bákan náà, àfi ẹ̀gbẹ́ kan tó dúdú tó sì funfun pa pọ̀, níbi tí géètì onírin aládùúgbò wa wà. Bàbá Àgbà bojú wò ó, wọ́n ní, “Ṣé ohun tí ẹ gba ₦300,000 lé lórí nìyí?” Ọmọ náà bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ṣàlàyé pé géètì yẹn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nanotesla, bí kọ̀ǹpútà bá sì fẹ́ fi dúdú àti funfun bo gbogbo rẹ̀, kò ní sí àwọ̀ tó kù fún ohun kékeré. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà pa ojú rẹ̀ dé sí gbogbo ohun tó ju nanotesla 10 lọ lókè àti nísàlẹ̀. Ilẹ̀ wa yọ jáde.

Ṣùgbọ́n ìlà ìlà ló yọ bí aṣọ òfì, dúdú, eérú, dúdú, eérú, láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní ọ̀pá méjèèjì kò bára dọ́gba pátápátá ni. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lápapọ̀, kó sì yọ ọ́ kúrò lára ìlà náà. Aṣọ òfì pòórá. Etí gbogbo nǹkan ṣì rí bí eyín ayùn, nítorí ó ń rìn lọ ó ń rìn bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìró ẹ̀rọ. Ó ti àwọn ìlà tó bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó tún tì í díẹ̀, títí etí fi pàdé etí. Ó yọ àwọn àmì ṣóńṣó tí ìdérí ìgò àti ìṣó ń ṣe. Níkẹyìn ó dì í pọ̀ kí ó má rí gánńgán mọ́. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó bí ẹni ń wo obìnrin tó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú ìrẹsì. Ó ní ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Scollar, tó ṣiṣẹ́ ní Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú àwòrán báyìí fún kọ̀ǹpútà láti fọ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bí yàrá.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é fún yín: ọ̀nà wo lẹ fẹ́ rìn? Bí a bá fọ ìlà kọ̀ọ̀kan báyẹn, ògiri tàbí yàrà tó bá bá ìlà ìrìn lọ dọ́gba á bá a lọ. Bó bá jẹ́ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ló rìn, ògiri tó lọ bẹ́ẹ̀ á di àfọ̀nù. Àríwá sí gúúsù ni tiwa rìn, mo sì gbóríyìn fún un; ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ wá wo ohun tó jáde. Ní onígun mẹ́rin kẹrin, lẹ́bàá ibi tí odò kékeré ń gbà nígbà òjò, àmì mẹ́ta tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi mítà méjì, dúdú ní gúúsù, funfun ní àríwá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àmì wẹ́wẹ́ tú ká bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀. Ọ̀gá wọn ní ó jọ ìléru mẹ́ta àti ibi tí wọ́n ń da ìdàrọ́ sí. Kò búra. Ó ní ẹ̀rọ kì í mọ orúkọ nǹkan, pé ilẹ̀ ibí yàtọ̀ sí ilẹ̀ ọ̀hún nìkan ló mọ̀. Mo fẹ́ràn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti dán wọn wò láì sọ fún wọn. Ní ọdún 1978, bàbá mi gbẹ́ ṣaláńgá sí apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà, wọ́n sì pa á tì nígbà tí wọ́n kan ìdàrọ́ àti amọ̀ pupa tó le bí bíríkì. Mo wà níbẹ̀, ọmọdé ni mí, èmi ni mo ń kó erùpẹ̀ dà nù. A dí ihò náà, koríko bò ó, kò sí àmì kankan lójú ilẹ̀ mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí àwòrán ṣe jáde, ó fi ìka kan ibẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ó dà bíi pé wọ́n ti wa kòtò síbí rí, iná sì ti jó nísàlẹ̀ rẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pariwo. Láti ìgbà yẹn ni Bàbá Àgbà ti ń pe ọmọkùnrin náà ní ọmọ Ògún.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe wọn wà. Nígbà tí wọ́n wá fi èèkàn sàmì síbi tí àwọn ìléru wà, àárín dúdú ni èyí tó kéré jù nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta náà gbá èèkàn sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, òòfà ayé ń dorí kọ ilẹ̀ bí ẹni ń fi ọ̀kọ̀ gún ilẹ̀, nítorí náà abẹ́ dúdú ni nǹkan ń wà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja. Bí ẹ bá so abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì rọ̀ ní Àkúrẹ́, kò ní tẹ̀ púpọ̀. Irú ẹ̀rọ yìí á wá fi nǹkan kan ṣoṣo hàn bíi méjì, dúdú ní gúúsù rẹ̀, funfun ní àríwá rẹ̀, nǹkan náà fúnra rẹ̀ sì wà ní ojú ààlà àwọn méjèèjì. Ọmọ mi obìnrin ló rí i, ó bi wọ́n, ọ̀gá wọn sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èèkàn sún lọ sí àríwá ní bíi ìdajì mítà sí mítà kan. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n fáńdéṣọ̀n ni a fẹ́ gbẹ́, ìdajì mítà sì tó láti fọ́ ògiri ìléru.

Nítorí òòfà tó sùn yẹn náà ni ògiri àtijọ́ tó yí agbo ilé ká kò fi hàn tán. Apá tó lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn yọ kedere bí okùn. Níbi tí ó ti yẹ kó ṣẹ́rí lọ sí àríwá, ó pòórá. Ògiri wà níbẹ̀ o, Bàbá Àgbà rántí rẹ̀. Ohun tó bá tẹ́ gbọọrọ láti àríwá sí gúúsù ní agbègbè wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohùn létí ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á sì kọ́lé lé e.

Ohun mìíràn tó lè tan ènìyàn jẹ ni àpáta. Ẹ mọ ọ̀nà Ìdànrè, òkúta ló bí wọn. Igun ìlà oòrùn ilẹ̀ wa yọ àmì ńlá kan tó fẹ̀ tó ilé, etí rẹ̀ kò mú. Inú wa dùn, a ti ń pè é ní ààfin. Ọ̀gá wọn ní kí a rọra, pé ohun tó fẹ̀ tí etí rẹ̀ sì rọ̀ báyẹn máa ń ti ìsàlẹ̀ jíjìn wá, àti pé òkúta dúdú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní charnockite, tó pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ní òòfà tirẹ̀. A rìn dé ibẹ̀. Orí àpáta náà yọ díẹ̀ sí ojú ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe kì í sábà jìn ju mítà kan àbọ̀ lọ kó tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí. Bí nǹkan bá jìn ní ìlọ́po méjì, agbára òòfà rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́jọ.

Ẹjọ́ tí mo ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún ìwé àbọ̀ iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró, bíríkìlà sì ń pè mí lójoojúmọ́. Nígbà tó dé, ojú ìwé 31 ni, gbogbo rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì líle, kò sí ìlà kan tí Bàbá Àgbà lè lóye, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni ilẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá wọn wá ka àwòrán náà fún ẹbí ní Yorùbá, ó ní owó ọkọ̀ ni. Mo san ₦15,000. Ó wá, ó sì ṣe é dáadáa. Wákàtí méjì ló fi dúró dáhùn ìbéèrè. Ó yẹ kí ìyẹn ti wà nínú owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún páàkì ọkọ̀ akẹ́rù wọn sí bíi mítà mẹ́wàá sí igun ilẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, igun náà sì dúdú bí ẹni da aró sí i. Wọn ò rí i títí di ìgbà tí mo bi wọ́n. Wọ́n padà wá rìn ín lẹ́ẹ̀kejì lọ́fẹ̀ẹ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ti lọ. Àwọn nọ́ńbà gan-an tí ẹ̀rọ kà, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, èmi ni mo béèrè kí wọ́n tó fún mi. Ẹ béèrè tiyín. Bí ẹni tó mọ̀ jù wọ́n lọ bá dé lọ́la, ó lè tún un fọ̀ láì tún rin ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kẹta, mo lọ síbi èèkàn àárín. Òjò ti fọ ojú ilẹ̀. Ìdàrọ́ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà mo rí nǹkan kan tó yípo bí ọ̀pá ìbépẹ, amọ̀ ni, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi, ó ní ihò láàárín. Àtàǹpàkò mi wọ ihò náà géérégé. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ pupa, èkejì ti yọ́, ó ń dán bí ìgò, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Mo gbé e lọ fún Bàbá Àgbà nínú ìbòrí mi. Wọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi sọ pé, “Ẹnu ẹwìrì nìyẹn.” Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ẹwìrì ń gbà wọ inú ìléru. Wọ́n dì í mú pẹ́. Wọ́n ní kí n dá a padà síbi tí mo ti rí i, mo sì dá a padà, lẹ́yìn tí a ti ya fọ́tò rẹ̀.

A kò gbẹ́ ibẹ̀, a kò sì ní gbẹ́ ẹ. Òfin ọdún 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀ kò fàyè gba kí ènìyàn máa wa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láì gba ìwé àṣẹ, òfin náà sì bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tó bá fi ọkọ́ wa ìléru ti ba ìtàn rẹ̀ jẹ́. A ń múra láti kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ nípa ìwalẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, a ó sì fi àwòrán náà àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. A ti sún gbọ̀ngàn sí apá gúúsù, mítà 14 sí èèkàn tó sún mọ́ ọn jù. Bíríkìlà ti gbẹ́ fáńdéṣọ̀n tuntun, èmi ni mo kó irin rẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ti fi ọgbà igi yí onígun mẹ́rin kẹrin ká, wọn ò lo wáyà ẹlẹ́gùn-ún, kí ó má baà ba iṣẹ́ ẹni tó bá tún gbé ẹ̀rọ wá jẹ́.

Màá tún pe àwọn ọmọ yìí. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. Ọ̀kan tó kù wà lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi pẹ́ àti èdè ìwé wọn. Ilẹ̀ kékeré kan ṣì kù lábẹ́ àwọn igi obì tí a kò tíì rìn, Bàbá Àgbà sì ní ibẹ̀ ni ojúbọ Ògún wà. Wọ́n ní ìlà gbọ́dọ̀ fún pọ̀ sí ìdajì mítà níbẹ̀, nítorí náà owó á ga sí i. Wọ́n pe ₦150,000. Mo ti dé ₦110,000. Ó di inú ọ̀gbẹlẹ̀.